Ó Yé Wa, Àjáàn

Tí ẹ bá bi Dókítà Wirot bóyá ó mọ iṣẹ́ olùkọ́, kò ní sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tẹrí ba díẹ̀, á ní òun ṣì ń gbìyànjú ni. Ìrẹ̀lẹ̀ náà pọ̀ débi pé àlejò lè gbà á gbọ́. Àwa tí a ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ̀ pé ṣe ló ń dúró kí ẹ sọ pé, "Ẹ̀yin kẹ̀, Àjáàn? Ta ló tó yín?" Bí ẹ ò bá tètè sọ ọ́, ó lè má dáhùn ìkíni yín fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Àjáàn là ń pe olùkọ́ ní Thailand níbí, kì í sì í ṣe orúkọ tí à ń fi ṣeré. Ọdún mẹ́tàlélógún ni Àjáàn Wirot ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ di dókítà nípa bí ara èèyàn ṣe rí nínú lọ́hùn-ún. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ohun kan ṣoṣo ló fi ń wọn ara rẹ̀ wò. Tó bá parí iṣẹ́, á bọ́ awò ojú, á nù ún, á ní, "Ṣé ó yé yín?" Kíláàsì á gbà á lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: "Ó yé wa, Àjáàn." Ta ló fẹ́ sọ pé kò yé òun? Ọmọ tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti sọ lójú gbogbo ayé pé olùkọ́ ò mọ̀ ọ́n kọ́, ọmọ tí wọ́n bá sì kọ́ nílé kì í ṣe irú ẹ̀ sí ẹni tó ń fún un ní ìmọ̀. Nítorí náà ó ti ń yé wọn láti ọdún mẹ́tàlélógún. Ọjọ́ tí Wirot ṣèèṣì ya ẹ̀dọ̀ sí apá òsì, ó yé wọn. Ọjọ́ tí iná lọ tí kò sẹ́ni tó rí pátákó mọ́, ó ṣì yé wọn náà ni.

Ẹ̀kọ́ tó fi ń yangàn jù ni ti àwọn iṣan ìmọ̀lára abẹ́ abíyá. Ọrùn ni àwọn iṣan wọ̀nyí ti ń jáde, márùn-ún, wọ́n á wọ abẹ́ abíyá, wọ́n á pàdé, wọ́n á pínyà, wọ́n á tún pàdé, wọ́n á lọ́ mọ́ra bí òwú tí ológbò fi ṣeré, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìka ọwọ́. Oníṣẹ́ abẹ tó bá gé èyí tí kò yẹ kó gé, ọwọ́ aláìsàn á kú síbi tó so sí. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ó yé èèyàn. Wirot á kọ ẹ̀yìn sí kíláàsì, á bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, á fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ méje ya gbogbo rẹ̀ délẹ̀ láìdúró mí. Àwòrán náà rẹwà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Àwọn ọmọ á yọ fóònù, wọ́n á yà á, wọn ò sì ní wò ó mọ́ láé.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn kí Dókítà Onuma tó ti ìlú òkèèrè dé. Ohun tí obìnrin yìí lọ kọ́ ni bí a ṣe ń kọ́ àwọn tó ń kọ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni, odidi ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ ọ. Ilé ẹ̀kọ́ wa wá fẹ́ dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀, níbi tí àwọn olùkọ́ á ti máa kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì ń wá olórí fún un. Pé kí wọ́n fi Onuma fúnra rẹ̀ jẹ ẹ́ ò wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn, ọmọdé ni. Olórí yìí á ní yàrá tó kọjú sí adágún omi tí òṣíbàtà bò, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù tí kì í jò sí èèyàn lórí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ jù gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ni àwọn máa fi síbẹ̀, torí ẹni tí kò mọ bí òun ṣe ń kọ́ni ò lè tún ti ẹlòmíì ṣe. Onuma ló máa wọn gbogbo wọn wò.

Wirot ò dúró gbọ́ ìyókù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti pe ìyá rẹ̀ lábúlé. Ahunṣọ ni ìyá yìí, aṣọ sílíkì ló ń hun, Ọ̀pọ̀lọ́ ló sì ń pe ọmọ rẹ̀. Wọ́n fún un lórúkọ yẹn ní ìkókó kí àwọn ẹ̀mí burúkú má bàa rí i bí ọmọ tó wu èèyàn. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta báyìí, Ọ̀pọ̀lọ́ náà ni.

"Màámi, wọ́n fẹ́ fi mí jẹ olórí."

"Wọ́n fẹ́ fi ọ́ jẹ ẹ́, àbí wọ́n ti fi ọ́ jẹ ẹ́?"

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn, Màámi?"

"Èmi ni mo bí ọ, Ọ̀pọ̀lọ́. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀."

Síbẹ̀ inú ìyá ò lè pa á mọ́ra. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, baálẹ̀ ti gbọ́, àwọn àlùfáà tẹ́ńpìlì ti gbọ́, ẹni tó ń yan adìyẹ lẹ́bàá títì ti gbọ́. Ìyá ti ta òwú tuntun sórí òfì, ó ní aṣọ tí Ọ̀pọ̀lọ́ máa wọ̀ lọ́jọ́ ìwúyè ni. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ yàrá tó kọjú sí omi nìkan kọ́ mọ́. Bí Wirot ò bá jẹ oyè yìí, kò mọ ojú tó máa fi wọ abúlé.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́ rọrùn. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan fún ara rẹ̀ ní máàkì nínú márùn-ún, kí àwọn ọmọ náà fún un ní tiwọn. Wirot fún ara rẹ̀ ní mẹ́ta. Ó dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n ta ló máa fún ara rẹ̀ ní márùn-ún níbi tí ojú wà? Gbogbo àwọn tó kù náà kọ mẹ́ta. Ẹnì kan kọ méjì, wọ́n sì ń yọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ pé ìgbéraga ló ń dà á láàmú. Àwọn ọmọ ní tiwọn fún gbogbo olùkọ́ ní márùn-ún nínú márùn-ún, títí kan bàbá kan tó ti gba ìsinmi àìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Onuma ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó rí i pé kò sí ibi tí olùkọ́ ti dára tó tiwa ní gbogbo ayé, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó mọ̀. Wirot ka àbájáde náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ìwádìí náà jinlẹ̀.

Onuma lọ bá a ní yàrá rẹ̀. Ó ká ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó kí i.

"Ẹ̀gbọ́n Wirot, ẹ má bínú o. Mẹ́ta tí ẹ kọ yẹn, ṣé ó ti inú yín wá?"

"Àbúrò, ṣé èmi ni màá máa yin ara mi ni?"

"Mi ò ní kí ẹ yin ara yín. Mo ní kí ẹ sọ bó ṣe rí."

"Ìwọ náà ti mọ bó ṣe rí. Bi àwọn ọmọ."

"Mo bi wọ́n. Márùn-ún ni wọ́n fún ẹni tí wọn ò rí rí."

"Wọ́n mọ̀wà hù ni," Wirot dá a lóhùn, ó sì padà sídìí tíì rẹ̀.

Onuma lọ ronú, ó gbé òmíràn dé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó máa fún ẹnikẹ́ni ní máàkì. Tí olùkọ́ bá ti kọ́ iṣẹ́ tán, á sọ iye ọmọ tó lè ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn. Lẹ́yìn náà àwọn ọmọ á wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣe é lójú àwọn àlejò méjì tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín iye tó sọ àti iye tó ṣe é, ìyẹn ni ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá kéré jù ló ni yàrá olómi. Ìgbà àkọ́kọ́ á jẹ́ ìdánrawò lásán, ìgbà kejì ló máa kà. Àwọn olùkọ́ kùn sínú. Wọ́n wo ọ̀rọ̀ náà lọ wò ó bọ̀, wọn ò rí ibi tí èèyàn ti lè ṣe ìrẹ̀lẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n ló wà ní kíláàsì Wirot. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó nu awò ojú rẹ̀, ó yé wọn. Ó sọ fún Onuma pé ọgbọ̀n lára wọn ló máa mọ̀ ọ́n. Méjì tó yọ yẹn, ìrẹ̀lẹ̀ ló fi wọ́n ṣe.

Àwọn ọmọ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan lọ bá Olùkọ́ Ńlá. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn lẹ́yìn ikú, a kì í pè é ní òkú. Olùkọ́ Ńlá ni. Àwọn ọmọ á káwọ́ pọ̀ kí i kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, orúkọ rẹ̀ á sì wà lára tábìlì. Ti tábìlì yìí ń jẹ́ Bunrueang, obìnrin tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ ojú irin títí ó fi darúgbó. Kò kàwé kọjá kíláàsì kẹrin, oyè rẹ̀ sì ju ti Wirot lọ. Wirot kì í fẹ́ kí á ronú lọ síbẹ̀ yẹn.

Àwọn àlejò ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi iṣan tó ń jẹ́ kí ìka ọmọńdinrín mọ nǹkan lára hàn wọ́n ní abẹ́ abíyá. Mẹ́rin ló rí i. Àwọn tó kù nàka sí ohun tó wà nítòsí. Ọmọkùnrin kan fi ọ̀wọ̀ ńlá tọ́ka sí iṣan ẹ̀jẹ̀, ó ká ọwọ́ pọ̀, ó dúpẹ́, ó jáde.

Lọ́jọ́ kan náà, Dókítà Rachani tó ń kọ́ni nípa ẹ̀jẹ̀, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ jíròrò, ti sọ pé mọ́kànlá nínú àwọn ọmọ òun ló máa mọ̀ ọ́n. Méjìlá ló mọ̀ ọ́n. Ní yàrá àwọn olùkọ́, wọ́n ń kí i kú oríire, wọ́n sì ń wo Wirot, wọ́n ń fi ife tíì bo ẹnu. Èyí ló bí i nínú jù.

"Obìnrin yìí fẹnu ara rẹ̀ sọ pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ òun ò mọ nǹkan kan," ó sọ fún Onuma, "ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un?"

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n kọ́ tó là ń wọ̀n. Bó ṣe mọ ara rẹ̀ tó ni."

Wirot gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé, ó fi jẹ oúnjẹ alẹ́. Ó ń já ìrẹsì alálẹ̀mọ́ tì bọ inú ata, kò mọ̀ pé òun ń jẹun. Lójijì ó dáwọ́ dúró. Bó ṣe mọ ara rẹ̀ tó ni, kì í ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n kọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́ wọn bó ṣe ń kọ́ wọn. Mẹ́rin á mọ̀ ọ́n bí mẹ́rin ṣe mọ̀ ọ́n. Yóò sọ pé márùn-ún ni, kí ó má bàa jọ pé ó mọ̀ jù. Rachani ò ní lè fi í sẹ́yìn. Ohun tó yé dókítà àgbà yìí ni pé tí òun bá mọ̀ dájú pé òun ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, òun lòun yẹ ní olórí àwọn tó ń kọ́ni. Ara rẹ̀ yá gágá, ó bu oúnjẹ sí i.

Ìyá rẹ̀ pè é. "Ọ̀pọ̀lọ́, aṣọ ti fẹ́ parí o. Àwọ̀ wo ni kí n fi sí etí rẹ̀?"

"Ẹ fi àwọ̀ wúrà sí i, Màámi."

"Wọ́n ti fi ọ́ jẹ ẹ́ nìyẹn?"

"Ẹ ṣáà fi wúrà sí i."

Ní gbogbo àkókò yìí, kò sẹ́ni tó ronú kan àwọn ọmọ. Wọ́n sì ti gbọ́ pé wọ́n fi Àjáàn rẹ́rìn-ín ní yàrá àwọn olùkọ́. Olórí kíláàsì wọn, ọmọbìnrin kúkúrú kan tó ń jẹ́ Namoi, kó wọn jọ sábẹ́ igi níwájú ilé oúnjẹ.

"Àwa la dójú tì í," ó ní. "Ó bi wá bóyá ó yé wa. Kí la sọ?"

"A ní ó yé wa."

"Ṣé ó yé wa?"

Ọmọkùnrin tó tọ́ka sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń wo bàtà rẹ̀.

"Irọ́ la pa fún un," Namoi ní, ojú rẹ̀ ti rọ̀ fún ẹkún. "Ọkùnrin yẹn gbà wá gbọ́. Ó fi orúkọ rẹ̀ dúró fún wa, a wá jẹ́ kó tẹ́."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jí lọ bá Olùkọ́ Ńlá láràárọ̀ nìyẹn, kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Abúlé ahunṣọ ni Namoi náà ti wá, nǹkan kan ni kò yé e nínú ẹ̀kọ́ Àjáàn láti ọjọ́ yìí wá.

"Kí ló dé tí à ń bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn?" ó ní. "Tí òwú bá lọ́ pọ̀, ṣé inú kókó lo ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í tú u? Wá etí rẹ̀ tó wà lóde. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìka, ká tọ̀ ọ́ padà lọ sókè."

"Bí Àjáàn ṣe sọ kọ́ nìyẹn o," ọmọkùnrin náà ní.

"Mo mọ̀. Má sọ fún un."

Wọ́n tọ̀ ọ́ láti ìka ọmọńdinrín, wọ́n gba ìgbọ̀nwọ́ kọjá, wọ́n dé abíyá. Ẹni tó bá rí i á kọ́ ẹni tí kò tíì rí i. Olùkọ́ Ńlá ò kánjú, kò sì bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Ẹni tí kò bá yé á sọ pé kò yé òun, torí kò sẹ́ni tó máa bínú níbẹ̀.

Ọjọ́ tó kà pé. Wirot fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ méje ya àwòrán rẹ̀ láti ọrùn délẹ̀, kò fi nǹkan kan kún un, kò yọ nǹkan kan kúrò. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún.

"Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, Àjáàn."

Láti ọdún mẹ́tàlélógún, ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ jẹ́ òótọ́. Kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ó jáde lọ bá Onuma, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Márùn-ún."

Onuma wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n, ó gba ọkàn akin kí èèyàn tó lè sọ bẹ́ẹ̀."

Wirot tẹrí ba. Ó ní òun ṣì ń gbìyànjú ni.

Ọmọ àkọ́kọ́ wọlé, ó rí iṣan náà. Èkejì rí i. Ẹ̀kẹta rí i, ó tún ṣàlàyé ibi tó gbà dé ibẹ̀. Nígbà tí ìkẹwàá jáde, Wirot tó jókòó sí ẹ̀yìn fèrèsé gíláàsì, tó ń wò wọ́n, bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó ń gbàdúrà sínú fún ẹni tó máa kùnà. Ọmọkùnrin oníṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé, Wirot mí kanlẹ̀, ó fọkàn tán an. Ọmọ náà lọ tààrà síbẹ̀, ó gbé iṣan náà sókè pẹ̀lú ìdí abẹ́rẹ́, ó rẹ́rìn-ín sí gíláàsì. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan tó kù, ẹ̀rù ló bà á tó fi bú sẹ́kún.

"Nígbà àkọ́kọ́, ẹ fi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣì í," Onuma ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà nìyí. Ó kàn jẹ́ pé ẹ gba ọ̀nà kejì ni."

Rachani sọ mẹ́tàlá, ó rí mẹ́tàlá. Wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá olómi. Ó sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ gígùn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó sọ.

Bí Wirot ṣe yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo kíláàsì ti kúnlẹ̀ dè é. Namoi di òdòdó funfun tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀ mú, ó gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Àjáàn, a ò dójú tì yín mọ́," ó ní. Ayọ̀ ò jẹ́ kó rí ojú olùkọ́ rẹ̀ dáadáa.

Kí ló fẹ́ sọ? Pé yíyege yín ló pa mí? Ó gba òdòdó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ṣeun. Ó rìn lọ sí yàrá rẹ̀, ó tilẹ̀kùn, omi ẹ̀rọ amúlétutù ń kán sí i léjìká. Ó pe ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹlòmíì ni wọ́n fún."

"Ṣé àwọn ọmọ kùnà ni?"

"Rárá. Wọ́n yege. Àfi ẹnì kan."

"Jẹ́ kó yé mi, Ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ yege, wọ́n wá gba oyè lọ́wọ́ rẹ?"

"Kò rí bẹ́ẹ̀, Màámi. Èmi ni mo sọ pé wọ́n máa kùnà."

"Kí ló dé tó o sọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ?"

Inú Wirot bàjẹ́, ojú tì í, kò sì sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí yóò sọ pé, "Ẹ̀yin kẹ̀, Àjáàn?" Ìyá ní kó lọ jẹun.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó wọ yàrá Olùkọ́ Ńlá láìmú ṣọ́ọ̀kì dání. Ó káwọ́ pọ̀, ó kí Bunrueang. Ó wá ní, "Namoi, fi bí ẹ ṣe rí i hàn mí."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, Àjáàn."

"Namoi."

Ọmọ náà wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò rí olùrànlọ́wọ́. "Ẹ má bínú, Àjáàn," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìka. Wirot bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Namoi fi ohùn kékeré ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àjáàn, ẹ ti dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi." Ó sún sẹ́yìn. Ó fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ. Bí Namoi ṣe ń tú iṣan náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá Wirot ṣe máa ń tú òwú, nígbà tí òun Ọ̀pọ̀lọ́ ò tíì ga tó òfì. Níbi tí kò ti yé e, ó ní, "Ibí yẹn ò yé mi." Ọmọ mẹ́ta ló wá sọ lẹ́ẹ̀kan náà pé ibẹ̀ ò yé àwọn náà, Namoi sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Onuma pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe ń jáde. "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ẹ ṣe rí iṣẹ́ tòní?"

"Mi ò kọ́ wọn ní nǹkan kan lónìí, Àbúrò," ó ní, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni sọ pé rárá.

Onuma wọlé lọ bi àwọn ọmọ. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí, Àjáàn ò tíì kọ́ àwọn dáadáa báyẹn rí. Wirot tún ti ṣi ara rẹ̀ wọ̀n.